Ìbọn Gbé e Wá, Tàbí Ìbọn Lé e Wá?

Ẹ̀yin ọmọ Ìṣẹ̀ṣe, kò sí ẹni tí yóò ní kí a má ṣọ́ omi Ìlàjẹ. Àwọn adigunjalè orí omi ń dá apẹja lọ́nà. Nítorí náà ni àwọn ọmọ ogun ojú omi fi ní ibùdó ní Igbókọ̀dá. Kí wọ́n yẹ gbogbo ọkọ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìbọn wọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ìbọn lé wọ ọkọ̀.

Ìtàn Ayélála kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin Ìlàjẹ kan bá ìyàwó ìjòyè ṣe àgbèrè, ó sá tọ àwọn Ìjọ̀ lọ, wọ́n sì dáàbò bò ó. Nígbà tí ìjà dé, wọn kò fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́; májẹ̀mú ni wọ́n dá. Ẹ̀mí ẹrúbìnrin aláìṣẹ̀ kan ni wọ́n fi dì í, òun ló sì di òrìṣà tí ń dá ọ̀dàlẹ̀ lẹ́jọ́.

Nàìjíríà náà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé ti 1951 lórí àwọn ogunléndé. Síbẹ̀, ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2018, ó kó àwọn ará Kamẹrúùnù 47, tí ọ̀pọ̀ wọn ti tọrọ ààbò, lé ìjọba tí wọ́n sá fún lọ́wọ́. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2019, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé ó lòdì sí òfin.

Kí oníbodè bi àlejò léèrè, kí ó tú ẹrù rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà: kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí a tó dá a padà. Òkun ń gba Ayétòrò lọ́wọ́ wa; a kò mọ èbúté tí àwa náà yóò kàn lọ́la. Ẹni tó bá dalẹ̀, yóò bá ilẹ̀ lọ.