Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Eré Ọmọdé: Sìmẹ́ǹtì Nìkan Kò Tó

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì tàbí íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ọgbà wọn. Ìdí rẹ̀ kò ṣàjèjì: ẹrẹ̀ ń ba aṣọ ọmọ jẹ́ lásìkò òjò, àgbàrá sì ń wọ́ ilẹ̀ lọ. Àmọ́ ojútùú yìí ti bí ìṣòro mìíràn. Sìmẹ́ǹtì a máa gba oòrùn sára, a sì máa tú ooru rẹ̀ sí àwọn ọmọ lára. Omi òjò tí kò rí ilẹ̀ wọ̀ a di àgbàrá lójúlé aládùúgbò. Ọmọ tó bá sì ṣubú níbẹ̀, eékún rẹ̀ ni yóò bó.

Àwọn àgbà Yorùbá kò ṣètò ibi àpéjọ báyìí. Wọ́n a máa gbin igi odán sójú ọjà àti síwájú ààfin kí tọmọdé tàgbà lè rí ibòji. Orí ilẹ̀ ni ọmọdé ti ń ṣe bojúbojú, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbẹ́ ihò ayò. Báwo wá ni olùkọ́ yóò ṣe kọ́ ọmọ ní orúkọ igi àti ewé nínú ọgbà tí ewé kan kò sí?

Ní ọdún 2018, ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í hú ọ̀dà kúrò lójú ọgbà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń gbin igi síbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá dá sí bí ọgbà wọn yóò ṣe rí.

Èyí kò ní kí wọ́n hú gbogbo sìmẹ́ǹtì dànù o. Ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ kò lè la iyanrìn kọjá. Ọmọ tí kò ríran sì nílò ọ̀nà tó tẹ́jú tí yóò fi ọ̀pá rẹ̀ tọ̀. Kí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ dé abẹ́ igi, kí ó dé ibi eré. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ní gbogbo ọmọ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí eré. Òfin ọdún 2019 sì ka fífi ọwọ́ rọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá sẹ́yìn léèwọ̀.

Àwọn kan yóò ní ẹrẹ̀ ń kọ́? Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ́ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Aṣọ tó dọ̀tí ṣeé fọ̀, ìgbà èwe tó bá kọjá kò ṣeé pè padà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lè fi igi mẹ́ta àti ebè kan bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti rí i pé kò sí ọmọ kan tí yóò máa fẹ̀yìn ti ògiri wo eré ẹgbẹ́ rẹ̀.