Ìrúwé Ìsàlẹ̀ Kọ́ Ni Ìrúwé Orí Òkè



Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n lórí òkè Ben Nevis ní ilẹ̀ Scotland ni ó tó yé mi.

Òkè yìí ni ó ga jù lọ ní gbogbo Bìrìtéènì. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,345. Nínú oṣù kẹrin ọdún kan ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì gbéra láti gùn ún. Ìgbà ìrúwé ti dé, òdòdó ń tanná ní àfonífojì. Bàtà kẹ́ńfáàsì àti sòkòtò jíǹsì ni mo wọ̀. Ṣebí mo ti gun Òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, tí n kò mú ju ìgò omi kan lọ́wọ́? Nígbà tí ọ̀nà wọ inú òjò dídì, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sì ń fi ìdí wọ́ lọ sísàlẹ̀ títí àpáta kan fi dá mi dúró. A padà. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn délé.

Bí a bá ṣe ń gòkè ni òtútù ń pọ̀ sí i. Bí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ dígíríì 12, orí òkè náà lè jẹ́ nǹkan bíi 3, a kò tíì ka ti afẹ́fẹ́. Ní ọ̀sán, oòrùn a máa yọ́ òjò dídì náà. Ní òru, a tún dì, a sì le bí gíláàsì.

Èdè wa náà ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn yìí. “Yìnyín” ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe gbogbo rẹ̀, ìbáà fẹ́lẹ́ bí òwú, ìbáà le bí òkúta. Lérò tèmi, kí a fi “òjò dídì” pe èyí tí ó rí bí òwú, kí a fi “yìnyín” sílẹ̀ fún èyí tí ó dì gbagidi. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé yìnyín wà lójú ọ̀nà yóò mọ̀ pé irin ni ẹsẹ̀ òun ń fẹ́.

Kí wá ni ẹ̀ṣọ́ tí ó yẹ? Bàtà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ le; irin eléyín tí a ń dè mọ́ ọn; àáké yìnyín tí a fi ń dá ara dúró bí a bá yọ̀; aṣọ onírun àgùntàn, nítorí aṣọ òwú tí ó bá rin a máa fa ooru kúrò lára; ìbọ̀wọ́, fìlà, tọ́ọ̀ṣì, máàpù àti kọ́ńpáàsì. Bí kùrukùru bá bo orí Ben Nevis, ẹni tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní láti tẹ̀lé dígíríì 231 orí máàpù fún mítà 150, kí ó tó yà sí 282. Bí ó bá ṣìnà, ọ̀gbun ni.

Ẹlòmíràn lè sọ pé owó nǹkan wọ̀nyí pọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a lè háyà irin àti àáké, kí a sì kọ́ bí a ti ń lò wọ́n. Olùyọ̀ǹda ara ẹni ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ń wá ẹni tí ó bá sọnù lórí òkè Scotland. Àìmúrasílẹ̀ wa lè fi ẹ̀mí tiwọn náà wéwu.

Ẹni tí kò bá ní ẹ̀ṣọ́, kí ó dúró ní àfonífojì. Òkè kò ní lọ síbì kan.