Aṣọ Tí Oògùn Ń Wọ̀ Nínú Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́, ibà Lásà ti di àlejò tí ń bá wa ṣe ẹ̀ẹ̀rùn ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́. Láti 1969 tí a ti dá àrùn náà mọ̀ ní ìlú Lásà, kò tí ì sí àjẹsára tí a fọwọ́ sí fún un. Nítorí náà ni mo fi ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ oògùn tí a dì sínú hóró ọ̀rá bíńtín, irú èyí tí ó gbé àjẹsára Kòrónà ti Pfizer àti Moderna. Bí a bá to 500 irú hóró bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, agbára káká ni wọn yóò fi fẹ̀ tó ẹyọ irun orí kan.

Ṣùgbọ́n hóró yìí kì í rin ìhòòhò. Bí ó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀ ni púrótéènì yóò dì mọ́ ọn bí aṣọ, aṣọ yìí sì ni ẹ̀yà ara ń rí. Ojú ara hóró ni ó ń pinnu irú èyí tí yóò wọ̀. Bí ó bá ní ṣáàjì pọ́sítíìfù, púrótéènì púpọ̀ ni yóò fà mọ́ra. Bí a bá fi PEG bò ó, ìwọ̀nba ni. Ẹ wo patisiran, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2018: PEG rẹ̀ a máa bọ́ kúrò, púrótéènì tí a ń pè ní ApoE a sì lẹ̀ mọ́ ọn, òun ni ẹ̀dọ̀ fi ń gbà á wọlé. Ẹ̀dọ̀ kan náà ni Lásà ń bà jẹ́!

Àwọn kan ní kí a ṣáà fi PEG bo gbogbo rẹ̀, ó parí. Èmi kò gbà. PEG kò lé púrótéènì tán, ara mìíràn sì máa ń bá PEG fúnra rẹ̀ jà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àìsàn a máa yí púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ padà. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le ní Boston kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ àgbẹ̀ Ìfọ́n tí ibà ti dá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ta ní ń fi ara ẹlòmíràn wọn aṣọ fún wa?

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni tí yóò bá ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún Lásà kọ́kọ́ rì í sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ tí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, kí ó tó pinnu ojú ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn léwu púpọ̀, ó ń fẹ́ yàrá àkànṣe. Ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ara wọn ti yá bẹ̀rẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì wa sì wà nídìí iṣẹ́ náà.