Tí A Bá Wa Ọkọ̀ Kọjá Ìgólò, Èdè Yorùbá Kì í Ṣe Ìwé Ọkọ̀

Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí ìnáwó òkú àti ìgbéyàwó bá ń pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Adja-Ouèrè, Ikpinlè àti Massè la máa ń wa ọkọ̀ tàbí gun alùpùpù lọ kí àwọn ẹbí wa ní Nàìjíríà. Ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, a ti padà délé. Ìyá àwọn kan nínú wa, Ìlaró ló ti wá. Ọmọ àwọn mìíràn, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, a kì í ka ìrìn àjò yìí sí ìrìn àjò ilẹ̀ òkèèrè. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wa ti ń bẹ̀rẹ̀.

A lọ síbi òkú kan ní Ìlaró lọ́dún tó kọjá, àwa márùn-ún nínú ọkọ̀ kan. Láti Ìdìrókò, kí a tó dé Owódé, wọ́n ti dá wa dúró ní ìgbà mẹ́fà. Níbi gbogbo ni àgbà tó jókòó síwájú ń kí wọn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ká máa lọ. Níbi ìkeje, ọ̀gá kan dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Ìwé ọkọ̀ ńkọ́?" Awakọ̀ wa mú asuráńsì tó rà ní Pobè jáde. Ọ̀gá náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ilẹ̀ Benin nìkan lèyí wà fún. Òótọ́ ló sọ. A wà nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta, a san owó tí ẹnikẹ́ni kò fún wa ní rìsíìtì rẹ̀, nígbà tí a sì fi máa dé Ìlaró, wọ́n ti sin òkú tán.

A bínú sí àwọn tó gba owó yẹn, ó sì tọ́ ká bínú. Ṣùgbọ́n ta ló fún wọn láyè? Àwa tí a rò pé ìkíni lè dípò ìwé ni.

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979 là á yé wa. Ọkọ̀ ara ẹni lè wọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà, kó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́, bí awakọ̀ bá ní ìwé ìwakọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, ìwé tó fi hàn pé òun ló ni ọkọ̀, asuráńsì tí àwọn orílẹ̀-èdè náà gbà, àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọjọ́ 15 péré ni ti ọkọ̀ ìṣòwò, kò sì gbọdọ̀ máa fi ọkọ̀ náà ṣòwò láàárín ìlú tó wọ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ wa tí ẹ ń já èrò sílẹ̀ ní Owódé tí ẹ tún ń kó èrò mìíràn lọ sí Sàǹgó, ẹ gbọ́ o.

Asuráńsì tí à ń wí yìí ni Carte Brune, káàdì aláwọ̀ ilẹ̀. Kùtọ̀nú tiwa níbí ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀, ní 1982! Bí ẹ bá gbá ènìyàn tàbí ọkọ̀ ẹlòmíràn ní Nàìjíríà, òun ló máa dúró fún yín. Kì í tún ọkọ̀ tiyín ṣe. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta asuráńsì fún yín. Bí ẹ kò bá béèrè, ó lè má rántí sọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù ló le jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀ fún títà. Bí wọ́n bá rí nọ́ńbà Benin lára ọkọ̀ yín ní Àtan, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé ẹ fẹ́ lọ tà á. Ìwé tí wọ́n fún yín ní ibodè nìkan ló lè gbà yín sílẹ̀. Ẹni tó gba ẹ̀bùrú kò sì lè ní in. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, tí wọn kò sì ṣí Ìdìrókò padà títí di oṣù kẹrin 2022, ẹ̀bùrú di bárakú fún ọ̀pọ̀ wa. A yé san owó ní ibodè, àmọ́ ọkọ̀ wa di ọkọ̀ fàyàwọ́ ní gbogbo ibi tó bá dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gun alùpùpù lọ wá iṣẹ́ ọ̀kadà ṣe ní Èkó, ẹ rántí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022 ni wọ́n ti fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà àti Súrùlérè wà lára wọn.

Àwọn àgbà wa kò ní irú ìṣòro yìí. Títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, ọwọ́ òsì ni Nàìjíríà ń wa ọkọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni tiwa. Awakọ̀ tó bá kọjá ibodè gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé òfin ti yàtọ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan la lẹ́bi o. Ìjọba méjèèjì yẹ kó gbé pátákó sí Ìgólò àti Ìdìrókò, kí wọ́n kọ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan àti iye owó rẹ̀ sí i ní Yorùbá, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Nàìjíríà tó ń wá nájà ní Ikpinlè náà nílò rẹ̀, torí Faransé ni ọlọ́pàá wa fi ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Àwọn tó ń ṣàkóso Adja-Ouèrè sì lè jẹ́ kí wọ́n kéde rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, kó tó di pé àwọn ènìyàn gbéra lọ síbi òkú mìíràn.