Ẹ Jẹ́ Ká Yé Sanwó CD Lórí Láptọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀

Tá a bá ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ fáwọn ọmọ wa, wọ́n á ní kò ní CD, ká mówó wá kí wọ́n fi Windows sí i. Owó iṣẹ́ tọ́ sí ẹni tó bá wa ṣe é. Owó CD ńkọ́? Rárá o.

Láti ìgbà Windows 8, inú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù gan-an ni nọ́ńbà àṣẹ Windows rẹ̀ wà. Ọ̀fẹ́ sì ni Microsoft fi Windows sórí ìkànnì wọn. Flash 8GB àti dátà la nílò. Tó bá jẹ́ Home ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Home náà ni ká fi padà. Tó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, á gba àṣẹ fúnra ẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń pè ní "crack" ló yẹ ká sá fún. Wọ́n á ní ká kọ́kọ́ pa antivirus. Ṣé kọ̀ǹpútà tá a fi ń wo owó wa ní báńkì la fẹ́ ṣílẹ̀kùn ẹ̀ fólè?

Ká tó sanwó, kí wọ́n tàn án lójú wa. Ká rí i pé kò sí password lórí BIOS ẹ̀. Ká bi wọ́n bóyá ó lè gbé Windows 11, torí October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o.