Orúkọ Ta Ni Ó Wà Nínú Ìwé Ilé?

Àwa ọmọ Ìṣẹ̀ṣe ni a ń tẹnu mọ́ ọn pé bàbá ẹni àti ìyá ẹni wà lára ìṣẹ̀ṣe tí ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ bọ. Bí ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ bá dé, a ó wọ aṣọ funfun, a ó sì pariwo rẹ̀ síta. Ó dára. Orúkọ ta ni ó wá wà nínú ìwé ilé tí àwa àti òbí wa jùmọ̀ fowó rà?

Ẹ wo Ọ̀tà, láti Sáńgò títí dé ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Ọmọ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá ń wá ilé, owó rẹ̀ kò sì tó. Bàbá ta oko kòkó, ìyá kó owó àjọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì wá bá ọmọ gbé. Síbẹ̀, orúkọ ọmọ nìkan ni ó wọ ìwé. Bí ọmọ bá ṣaláìsí, tàbí bí ìgbéyàwó rẹ̀ bá tú ká, àgbàlagbà tí ó fowó sílẹ̀ di àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìwé kò yẹ láàárín òbí àti ọmọ. Inú agbo ilé ni ọ̀rọ̀ yẹn ti mọ́gbọ́n dání. Ilẹ̀ ẹbí ni ilẹ̀ agbo ilé. Ẹnì kan kò lè dá a tà, gbogbo ẹbí sì ni ẹlẹ́rìí. Ilé oníyàrá mẹ́ta ní Sáńgò kì í ṣe agbo ilé. Bí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ìpín rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀. Ìdí igi ni a fi ń pín in, àṣà tí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá fọwọ́ sí ní 1962 nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí àkọsílẹ̀ ohun tí bàbá san, kí ni a ó pín? Ìjà.

Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ òbí sínú ìwé, kí ẹ sì kọ iye tí oníkálukú san. Ẹ pe àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá yín jọ, kí ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo wọn: ta ni yóò máa wẹ bàbá bí kò bá lè dìde mọ́, ta ni yóò máa ra oògùn? Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ já lé ìyàwó ilé nìkan lórí. Ẹ fi yàrá ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì wá àyè fún ojúbọ wọn.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe náà kò sọ pé kí ọmọ gba ihò mọ́ ọn lọ́wọ́.