Ta Ló Lu Fàdákà Náà?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà Fine Art wa fi àwòrán abọ́ fàdákà kan hàn wá, gbogbo kíláàsì sì pariwo. Abọ́ náà dára, mi ò ní purọ́. Paul Revere ló ṣe é ní Boston, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1768. Àwọn ọkùnrin 15 ló ní kó ṣe é, orúkọ wọn sì wà létí ẹnu rẹ̀ yíká. Wọ́n fi yẹ́ àwọn aṣòfin 92 sí, àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n fagi lé lẹ́tà tí wọ́n kọ tako owó ibodè, tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Abọ́ Òmìnira ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Boston rà á lọ́dún 1949, àwọn ọmọ iléèwé bíi tiwa wà lára àwọn tó dáwó.

Mo wá lọ kà sí i. Lọ́dún 1768 yẹn kan náà, alágbẹ̀dẹ fàdákà kan, Alexander Petrie, kú ní Charleston, ní South Carolina. Wọ́n ta ẹrù rẹ̀. Èèyàn wà nínú ẹrù náà: Abraham, ẹrú rẹ̀, tóun náà mọ iṣẹ́ fàdákà dáadáa. Àmọ́ òǹtẹ̀ Petrie ló wà lára àwọn jọ́ọ̀gì kọfí tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jáde.

Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe eré o. Wọn á fi òòlù lu fàdákà pẹlẹbẹ títí á fi máa dìde díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti ń le, wọn á dá a padà sínú iná kó má baà là, wọn á tún lù ú. Apá ta ló ń ro wọ́n?

Ọ̀rẹ́ mi ní ọmọ iṣẹ́ kì í kọ orúkọ sórí iṣẹ́ ọ̀gá, pé kí n lọ wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́ṣẹ́ télọ̀ ti ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, a jẹ ìrẹsì, a ya fọ́tò, orúkọ tiẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ aṣọ báyìí. Ní ti Abraham, ọ̀gá kú, wọ́n tún tà á.

Mi ò ní kí wọ́n gbé Abọ́ Òmìnira kúrò níbi tó wà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibikíbi tí wọ́n bá gbé jọ́ọ̀gì Petrie sí, kí wọ́n kọ orúkọ Abraham sábẹ́ ti ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n lè ní àwọn ò mọ èyí tó lù níbẹ̀. Kí wọ́n kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Tíṣà wa, tẹ́ ẹ bá tún ń mú àwòrán bọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ mú ti Charleston dání.